Olùkọ́ Ni Johnson: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtàn Ìlú Tí A Kò Tíì Kọ

Àwọn àgbà ní ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ tuntun pọ̀ lára àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. A mọ ìṣirò, a mọ gírámà, a sì mọ bí a ti ń to ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹẹsẹ kí ọ̀gá tó béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkísà, èyíinì ni ohun tí ojú àgbà ti rí tí etí rẹ̀ sì ti gbọ́, kò sí lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ àwọn arúgbó ni ó wà, àwọn arúgbó náà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ kò ju èyí lọ: pé gbígba ìtàn ìlú sílẹ̀ lẹ́nu àgbà jẹ́ apá kan iṣẹ́ olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí mímú orúkọ àwọn ọmọ ní òwúrọ̀ ti jẹ́ apá kan rẹ̀. Ẹni tí a ó sì fi ṣe ẹlẹ́rìí wa ni Àlùfáà Samuel Johnson.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa mọ Johnson bí orúkọ tí a kọ sí ẹ̀yìn ìwé ńlá kan. A máa ń pè é ní òpìtàn, a sì máa ń gbàgbé pé tíṣà ni. Ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ni a bí i ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1846. Bàbá rẹ̀, Henry Johnson, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ìran rẹ̀ sì tan mọ́ Aláàfin Abíọ́dún ti Ọ̀yọ́. Ìdílé yìí bá Àlùfáà David Hinderer lọ sí Ìbàdàn láti ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ Ìhìnrere, Samuel sì dàgbà láàárín ìlú àwọn jagunjagun náà. Láti 1863 títí di 1865 ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí C.M.S. fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn èyí ó padà sí Ìbàdàn, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ìjọ fún ọdún púpọ̀ kí a tó fi í jẹ oyè àlùfáà. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni wa ni. Irú bẹ́ǹṣì tí a jókòó lé ni òun náà jókòó lé, irú ìwé orúkọ tí a ó máa pè ní òwúrọ̀ ni òun náà pè.

Bí ó ti kó ìtàn jọ ni ó yẹ kí a fiyè sí. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tán pátápátá títí di 1893. Láàárín ogun náà, Johnson ń rìn láti ìlú dé ìlú àti láti bùdó dé bùdó. Ní 1881 òun ni ó mú ìwé Aláàfin Adéyẹmí lọ bá Gómìnà ní Èkó, láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a bá wọn parí ìjà. Ní 1886 òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni a rán lọ sí bùdó àwọn Ìbàdàn àti ti àwọn Èkìtìparapọ̀ láti bá wọn sọ ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ẹni tí ó ń ru iṣẹ́ láàárín ọ̀tá méjì kò lè ṣàìgbọ́ tẹnu méjèèjì.

Síbẹ̀, ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí kò tó o. Ó lọ bá àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, àwọn tí iṣẹ́ ìdílé wọn jẹ́ láti máa pa ìtàn àwọn Aláàfin mọ́ sínú, kí wọ́n sì máa rò ó níwájú ọba. Ó jókòó ti David Kúkọ̀mí, àgbàlagbà ìjọ Ìbàdàn, ó sì jókòó ti Lágúnjú tí ó jẹ Tìmì Ẹdẹ. Ó dárúkọ wọn nínú ìwé rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí tí ó fi ṣe làálàá yìí, ó sọ ọ́ kedere: àwọn àgbà ń kú tán, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé sì mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹ̀gàn ni ó ka èyí sí, ó sì fẹ́ mú ẹ̀gàn náà kúrò.

Ẹ wá wo ohun tí ojú ìwé náà rí. Ní 1897 ni ó parí rẹ̀. Ní 1899 a fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan, ibẹ̀ ni ó sì gbà sọnù. Johnson kú ní 1901. Iṣẹ́ náà ì bá ti bá a wọ ilẹ̀ bí kì í bá ṣe ti àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tí ó jẹ́ dókítà ní Èkó. Inú àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké àti ìwé tí olóògbé kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ ni Dókítà yìí ti tún gbogbo rẹ̀ tò. Nígbà tí ó fi í ránṣẹ́ ní 1916, ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé, bébà sì ti wọ́n gógó nígbà náà. Ní 1921 ni The History of the Yorubas tó jáde. Dókítà Obadiah ti kú ní 1920. Ọmọ ìyá méjì ni ó ṣe iṣẹ́ náà, kò sì sí èyí tí ó fi ọwọ́ kan ìwé náà ní títẹ̀ nínú wọn.

Bí Johnson bá ti sun àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn níná nígbà tí ó rò pé ìwé ti parí, kí ni à bá máa kà lónìí? Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ó kọ́ wa rọrùn púpọ̀: ẹ̀dà kan kì í tó.

Ẹ̀kọ́ kejì kàn wá ní Ọ̀fà gan-an. Johnson ka Ọ̀fà mọ́ àwọn ìlú Ìbọ̀lọ́, ó sì ròyìn bí àwọn Ìlọrin ti dó ti ìlú wa ní àwọn ọdún ìkẹyìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti bí ìlú náà ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni ó dúró sí nígbà tí ó ń wo ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí ènìyàn bá sì dúró sí ni ó ti ń wòran. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti tọ́ka sí i pé ìtàn Ọ̀yọ́ ni ó gba ààyè jù nínú ìwé náà. A kò gbọdọ̀ bá a wí fún èyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìran náà pé, kí òun náà dúró sí ìlú tirẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó rí láti ibẹ̀.

Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀. Isaac Akínyẹlé, ẹni tí ó jẹ Olúbàdàn ní 1955, ti tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde láti 1911. A. K. Ajíṣafẹ́ kọ ti Abẹ́òkúta ní 1916, N. D. Oyèérìndé sì kọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1934. Ní Ìbíní, Jacob Egharevba kọ ìtàn àwọn ọba ilẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ọ̀fà náà kò kẹ́yìn: J. B. Ọláfimíhàn tẹ Ìwé Ìtàn Ọ̀fà jáde ní 1950. Ṣùgbọ́n ìwé kan kò lè gba ìlú kan tán. Ìtàn ọba àti ti ogun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wọ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìtàn agbo ilé kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Ta ni ó kọ́kọ́ kọ́ ilé sí ibẹ̀, láti ibo ni ó sì ti wá? Báwo ni ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìdílé kan náà, tí ẹ̀gbọ́n gba tibí, tí àbúrò gba tọ̀hún, tí wọ́n sì ń jẹun pọ̀ nínú àwo kan?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ ojú irin ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1908 ni ojú irin láti Èkó kọjá ní ìlú wa lọ sí Ìlọrin, ó sì yí òwò àti ìrìn-àjò àwọn ará Ọ̀fà padà. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní ọdún náà ì bá ti lé ní 120 ọdún báyìí. Gbogbo àwọn tí ó rí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Àwọn tí ó kù ni àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá àti ìyá tí ó rí i, àwọn náà sì ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Lẹ́yìn tiwọn, ohun tí ó kù kò ju àgbọ́sọ lọ. Èyí ni a fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró de ọdún tí a ó gba ìwé ẹ̀rí, kí a tó wá ráyè.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ oríkì àti ti arọ́kin jẹ́ ọ̀rọ̀ kèfèrí, kò sì yẹ ọmọ míṣọ̀n. A bi wọ́n léèrè: Johnson kì í ha ṣe àlùfáà bí? Ó kọ̀wé nípa Ifá àti òrìṣà láìdá ẹbọ kankan sílẹ̀. E. M. Líjàdù ti Oǹdó, tí òun náà jẹ́ oníwàásù Ìhìnrere, tẹ ìwé kan lórí Ọ̀rúnmìlà jáde ní 1908. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò rẹ̀ ni láti mú àwọn babaláwo wá sọ́dọ̀ Kristi, ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ dáadáa tí kò bá mọ ohun tí ẹni náà mọ̀. Mímọ̀ yàtọ̀ sí bíbọ.

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ni èyí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe púpọ̀, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n, àwọn abúlé tí ó yí Ọ̀fà ká nìkan sì jẹ́ mélòó? Olùkọ́ wà níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò dé. Òun ni àwọn òbí mọ̀. Òun ni ìyá àgbà ń pè pé kí ó wá bá òun ka lẹ́tà tí ọmọ òun kọ. Òun ni wọ́n ń fún ní àga nígbà tí ó bá yà kí wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀kùn tí àlejò yóò kàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣíṣí ni ó wà fún tíṣà.

Àtakò kẹta ni ó wúwo jù. A ó gbọ́ pé ìtàn a máa dá ìjà sílẹ̀. Òtítọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ láàárín Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé, aládùúgbò wa, ti dá ìjà tí ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ó bá mú gègé ní irú ibẹ̀ ń fi ọwọ́ kan ohun tí ó gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Ìtàn tí a kò kọ sílẹ̀ a máa dàgbà bí ìjà bá ti ń dàgbà. Ohun tí bàbá ńlá sọ ní wẹ́rẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò fi igi àti òkò kún un. Èyí tí a bá kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ara tutù, tí a kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, kì í rọrùn láti yí. Ewu ń bẹ nínú kíkọ, a kò sẹ́ ẹ, nítorí pé akọ̀tàn tí ó gbè sápá kan lè fi ìwé ṣe ohun ìjà. Oògùn rẹ̀ ni kí a kọ ọ́ bí ó ti tọ́, kí a sì gba tẹnu ìhà méjèèjì.

Báwo ni a ó ti kọ ọ́ bí ó ti tọ́? Kí olùkọ́ má ṣe gba ìtàn kan lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Kí ó wá ẹnì kejì, kí ó sì jẹ́ láti ilé mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá dọ́gba, kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó sọ ọ́, kí ó má sì ṣe ìdájọ́. Ẹ wo ìtàn Mọ́remí: ní Ọ̀fà, ọmọ wa ni a mọ̀ ọ́n sí, a sì máa ń fi í yangàn, ní Ilé-Ifẹ̀, ayaba tí ó gba ìlú là ni, tí ó fi ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn. Ọmọ ilé-ìwé yẹ kí ó gbọ́ bí a ti ń sọ ọ́ ní ibi méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ àgbà bí àgbà ti sọ ọ́. Bí ó bá ti fi gírámà ilé-ìwé tún un ṣe, ó ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Kí ó padà lọ kà á fún ẹni tí ó sọ ọ́, kí onítọ̀hún lè sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," tàbí "Rárá o, ọmọ mi, n kò wí bẹ́ẹ̀." Ohun tí wọ́n bá sì ní kí a má kọ, kí a má kọ ọ́, àṣírí ilé onílé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé-ìwé.

A tún ní láti wá àwọn obìnrin lọ. Ọkùnrin ni àwọn tí Johnson dárúkọ pé wọ́n la ọ̀rọ̀ yé òun. Síbẹ̀ ta ni ó ń ki ọkọ àti ọmọ nínú ilé Yorùbá? Òyìnbó obìnrin kan, Karin Barber, gbé ní Òkukù tí kò jìnnà sí wa, ó sì fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1991 pé àwọn obìnrin ni ó ń kó oríkì ìdílé jọ, tí wọ́n sì ń kọ́ ara wọn. Ìyàwó ilé tí ó ti lo 60 ọdún ní agbo ilé kan lè mọ oríkì ilé ọkọ rẹ̀ ju baálé ilé náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí a bá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá nìkan tí a kò dé ẹ̀yìnkùlé, ìdajì ìtàn ni a gbé lọ.

Fóònù wà lọ́wọ́ wa, èyí tí Johnson kò ní. A lè fi í gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dún, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀ àti ikọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é. Ṣùgbọ́n fóònù a máa bọ́ sínú omi, olè a sì máa gbé e lọ. Ọ̀nà tí fóònù ń gbà sọnù pọ̀ ju ti ọkọ̀ Appam lọ. Kí a kọ ohun tí a bá gbà sílẹ̀ sínú ìwé, kí a ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí a sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ìdílé tí ó ni ín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Johnson fi kọ tirẹ̀. Kí a fi Yorùbá kọ tiwa, kí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ lè gbọ́ ọ nígbà tí a bá ń kà á.

Èrè rẹ̀ fún kíláàsì kò kéré. Fún ọdún púpọ̀, a kò kọ́ Ìtàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ yìí. Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé yóò padà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni olùkọ́ yóò gbé síwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Ọ̀fà? Bí kò bá ní nǹkan kan ju ohun tí ó wà nínú ìwé tí a tẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ọmọ náà yóò ka orúkọ ọba méje sórí, yóò sì gbàgbé wọn lẹ́yìn ìdánwò. Jẹ́ kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti agbo ilé ọmọ náà, kí ó bi í pé, "Kí ni wọ́n ń pe ilé yín, èé sì ti ṣe?" Ọmọ yóò sáré lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dé Ọ̀fà, láti Ọ̀fà dé Ọ̀yọ́, láti Ọ̀yọ́ dé ayé gbogbo. Ẹnu ọ̀nà ilé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò.

Nítorí náà a ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Èkínní, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa: nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa mú ìwé kékeré kan lọ sí ilé, kí ó gba ìtàn agbo ilé kan ṣoṣo lẹ́nu àgbà méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ojú ewé mẹ́rin tó. Èkejì, ẹ̀yin olùkọ́ wa: ẹ bá wa wá pẹpẹ kan ní ilé ìkàwé kọ́lẹ́jì, níbi tí a ó máa kó àwọn ìwé wọ̀nyí sí, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwé ìròyìn wa máa tẹ ọ̀kan jáde nígbàkúùgbà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 30 bá ṣe é ní ọdún kan, agbo ilé 30 ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìgbàgbé.

A kò ní kí gbogbo wa di Johnson. Ìwé tirẹ̀ lé ní 600 ojú ewé. A kò bèèrè ju mẹ́rin lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí a lọ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè dáhùn.